Àdá Bàbá Mi àti Ọ̀bẹ Bowie

Àdá méjì ni bàbá mi ń lò ní Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn. Àgbẹ̀dẹ ló rọ ọ̀kan: ó ki, ó wúwo, orí rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Èkejì fẹ́lẹ́, ó gùn, àmì ọ̀nì sì wà lára irin rẹ̀. Ti ọ̀nì ni wọ́n fi ń ṣán oko, ti àgbẹ̀dẹ ni wọ́n fi ń bẹ́ igi.

Birmingham, ní Ìlú Ọba, ni ọ̀nì yẹn ti wá. Ọdún 1874 ni Ralph Martindale dá iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nínú òwò wọn ni pé wọn kò rọ àdá kan náà fún gbogbo ayé. Ti àwọn tó ń gé ìrèké yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń ṣán igbó. Wọ́n wo èyí tó mọ́ àgbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, wọ́n sì rọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá ní òyìnbó ló kọ́ wa ní àdá, kò mọ ẹni tó wo ọwọ́ ẹnìkejì.

Irin tiwa ti wà tipẹ́. Ní 1904, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí rélùwéè wọ Ìbàdàn, C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ibi kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń fi èédú yọ́ irin nínú ìléru amọ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, òun náà ni wọ́n fi ń rọ àgẹ̀dẹ̀ngbẹ̀ fún jagunjagun.

Nínú gbogbo irin tiwa, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀pá Òrìṣà Oko tí wọ́n ń rọ ní Ìràwọ̀, Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá rí i á ní idà ni. Ó máa ń gùn ju mítà kan lọ. Wọ́n ní ọkọ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń rọ pọ̀ láti fi ṣe é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àkọ̀ fún un, wọ́n á gbé e ti ògiri. Irin oko ni, síbẹ̀ kò gé koríko kan rí! Lónìí, púpọ̀ nínú wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun.

Ọ̀bẹ Bowie ni àwọn tó ń kó ọ̀bẹ ńlá jọ ní Amẹ́ríkà ń lé kiri ní tiwọn. Ìjà kan ní etí odò Mississippi, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1827, ló sọ Jim Bowie àti ọ̀bẹ rẹ̀ di olókìkí. Bí ọ̀bẹ ọjọ́ náà ṣe rí gan-an, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn àgbẹ̀dẹ Sheffield ní Ìlú Ọba kò dúró gbọ́ àríyànjiyàn: wọ́n rọ ọ́ rẹpẹtẹ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ará Amẹ́ríkà fẹ́ kà sí i lára, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi.

Lọ́dọ̀ tiwa, ní àwọn abúlé tó wà láàárín Lálúpọn àti Ẹ̀gbẹ́dá, sípíríǹgì mọ́tò ni àgbẹ̀dẹ tó kù ń lò. Kó tó ti irin bọná, á kọ́kọ́ béèrè: "Kòkó lẹ fẹ́ fi fọ́ ni àbí igbó lẹ fẹ́ fi ṣán?" Èyí tó wà fún kòkó kì í gùn, wọn kì í sì í pọ́n ọn jù, kó má baà gé ọwọ́ tó di kòkó mú.