Ìyẹ̀nípò Átọ́ọ̀mù àti Ìbàjẹ́ Irin inú Ríákítọ̀: Ǹjẹ́ Ohun Kan Náà ni Wọ́n?

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ ìbátan tí ó wà láàrin nǹkan méjì wò: iye ìgbà tí nútírọ́ọ̀nù ń yẹ átọ́ọ̀mù nípò nínú àdàlù irin tí a fi kọ́ ríákítọ̀, àti bí irin náà ti bàjẹ́ tó. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dpa. Ó ń sọ iye ìgbà tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, bí a bá pín in dọ́gba. Nítorí pé ó rọrùn láti ṣírò, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa lò ó bí ẹni pé òun gan-an ni ìbàjẹ́. Èrò tiwa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kúrò nílé ni dpa ń kà. Àwọn tí kò padà sílé ni ìbàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe iyàn jíjà lásán, nítorí pé ó wà lára ohun tí a fi ń pinnu bóyá ríákítọ̀ tí ó ti dàgbà lè máa ṣiṣẹ́ lọ, tàbí kí a pa á.

1.1 Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

A ó máa pe ipò tí átọ́ọ̀mù ti kúrò ní "àyè òfìfo". Átọ́ọ̀mù tí ó lọ há sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, níbi tí kò sí ipò fún un, ni a ó máa pè ní "àtìpó".

2.0 Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin

Ìtò ni àwọn átọ́ọ̀mù irin wà, bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń jókòó, oníkálukú ní ìsọ̀ tirẹ̀. Agbára bíi 40 eV ni a fi ń ṣírò yíyẹ ẹyọ átọ́ọ̀mù irin kan nípò. Ṣùgbọ́n nútírọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 MeV lè fún átọ́ọ̀mù irin tí ó bá gbá ní agbára tí ó tó nǹkan bíi 69,000 eV. Èyí tí a gbá yóò gbá òmíràn, òmíràn náà yóò tún gbá ẹlòmíràn, títí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún yóò fi yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Bí màlúù tí orí rẹ̀ dàrú bá já wọ ọjà, gbogbo ọlọ́jà ni yóò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó bá kọjá tán, púpọ̀ nínú wọn yóò padà. Ẹni tí ó bá ka iye àwọn tí ó sá kò tíì sọ ohun tí ọjà pàdánù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlànà ìṣirò tí Norgett, Robinson àti Torrens gbé kalẹ̀ ní 1975, èyí tí a ṣì ń lò: kò yọ àwọn tí ó padà lójú ẹsẹ̀ kúrò. Kọ̀ǹpútà ti fi hàn pé, nínú irin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ìlànà náà ń fúnni ni ó máa ń ṣẹ́ kù.

2.1 Àwọn tí ó ṣẹ́ kù

Ooru kì í jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí jókòó. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àtìpó lè bá àyè òfìfo pàdé, kí ọ̀ràn sì parí. Wọ́n lè rìn dé ibi tí ìtò kò gún, kí wọ́n sì wọlé síbẹ̀. Tàbí kí irú kan náà ṣùjọ pọ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó sábà ń di ìbàjẹ́. Ìwọ̀n ooru, èròjà tí ó wà nínú àdàlù, àti bí ìgbáni náà ti yára tó ni ó ń pinnu èyí tí yóò borí. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó hàn nínú dpa.

3.0 Ẹ̀rí kìíní: ihò inú irin ní Dounreay

Ní 1967, Cawthorne àti Fulton kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn rí ihò wẹ́wẹ́ nínú èèpo irin tí ó bo ohun ìdáná nínú ríákítọ̀ ayára ti Dounreay ní Scotland. Irin tí kì í dógùn-ún ni irin náà. Àlàyé rẹ̀ ni pé ibi tí ìtò kò gún a máa fa àtìpó mọ́ra ju bí ó ti ń fa àyè òfìfo lọ. Nítorí náà àyè òfìfo a ṣẹ́ kù, wọn a sì ṣùjọ di ihò. Gáàsì helium tí nútírọ́ọ̀nù ń bí láti inú nickel a máa gbé ihò náà ró kí ó má baà wó. Ní ìkẹyìn, irin a wú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé láàrin nǹkan bíi 350 àti 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìwú yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Bí ooru bá kéré, àyè òfìfo kò lè rìn. Bí ó bá pọ̀ jù, wọn kì í lè dúró ṣùjọ. Bákan náà, àdàlù tí ó ní chromium ṣùgbọ́n tí nickel inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ìtò rẹ̀ sì yàtọ̀, kì í wú tó ti ìṣáájú rárá, bí dpa wọn tilẹ̀ dọ́gba.

4.0 Ẹ̀rí kejì: àgbá irin ńlá

Odi àgbá tí ó gba ríákítọ̀ olómi sínú jìnnà sí àárín iná. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kì í sábà gbà tó 0.1 dpa, nígbà tí èèpo irin inú ríákítọ̀ ayára lè gbà ju 100 lọ. Bí dpa bá jẹ́ ìbàjẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni páyà nítorí àgbá náà. Ṣùgbọ́n ìdàkejì ni a rí. Ní òpin àwọn ọdún 1960, ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bàbà díẹ̀, tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ń ba irin yìí jẹ́ lábẹ́ nútírọ́ọ̀nù. Níbo ni bàbà ti wá? Wọ́n máa ń fi bàbà bo wáyà tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, kí wáyà náà má baà dógùn-ún. Ohun tí a fi dáàbò bo wáyà ni ó wá di ọ̀tá àgbá.

Àyè òfìfo ni ó ń ran bàbà lọ́wọ́ láti rìn, títí yóò fi ṣùjọ. Ìṣùjọ náà a dí ìtò lọ́wọ́ kí ó má lè yọ̀ lórí ara wọn. Irin tí ó máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́ yóò wá máa fọ́ bí àwo, pàápàá nígbà tí ó bá tutù. Ewu rẹ̀ ni pé, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, omi tútù ni a ó rọ́ sínú àgbá gbígbóná náà. A kò sì lè pààrọ̀ àgbá bí a ti ń pààrọ̀ èèpo ohun ìdáná. Ìdí nìyí tí a fi ń há ègé irin kan náà sínú rẹ̀, tí a ń yọ ọ́ lóòrèkóòrè láti fi òòlù ìdánwò ṣẹ́ ẹ wò. Ní 1987, ní Novovoronezh ní ilẹ̀ Soviet, wọ́n mú àgbá kan gbóná ju bí ó ti ń gbóná lẹ́nu iṣẹ́ lọ, kí líle rẹ̀ lè dẹ̀. Irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò yí dpa padà rárá, síbẹ̀ púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ ń lọ.

5.0 Ìkìlọ̀ fún olùwádìí

Ọ̀pọ̀ wa ni kò lè dúró de ríákítọ̀ fún ogún ọdún. Ẹ̀rọ tí ń yìn ion lè fún irin ní dpa tí ó pọ̀ láàrin wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ion ń wọ inú irin, ìyára rẹ̀ sì ju ti ríákítọ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, tí àyè òfìfo kò fi ní ráyè rìn tó. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi kún ooru ìdánwò. Ẹni tí ó bá sọ pé dpa òun dọ́gba pẹ̀lú ti ríákítọ̀ kò tíì fi hàn pé ìbàjẹ́ dọ́gba.

6.0 Ìkádìí

A kò sọ pé kí a sọ dpa nù. Òun ni ó jẹ́ kí a lè fi ríákítọ̀ kan wé òmíràn, ó sì sàn ju kíka nútírọ́ọ̀nù lásán lọ. Ohun tí a ń tẹnu mọ́ ni pé kí a má ṣe dá a kọ sílẹ̀ ní òun nìkan. Kí ìwọ̀n ooru, ìyára, èròjà àdàlù àti bí a ti jó irin náà pọ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láìsí wọn, a mọ iye ọlọ́jà tí ó sá. A kò tíì mọ bí ọjà ti rí.