Ewéko ní Ibi Iṣẹ́, àti Ìsinmi tí Ó ń Fún Ọkàn

Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó kan olúkúlùkù ẹni tí ń jókòó nídìí tábìlì láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Èéṣe tí ẹni tí kò ru ẹrù, tí kò sì ro oko, fi ń padà wá sílé pẹ̀lú ọkàn tí ó ti rẹ̀ tẹnutẹnu? Kí sì ni ewéko lè ṣe sí i?

Àwọn baba wa kò ya iṣẹ́ nípá kúrò lọ́dọ̀ igi. Lábẹ́ òjìji igi ọdán ni a ti ń tajà tí a sì ti ń gbìmọ̀. Agbo ilé a sì yí àgbàlá tí ojú ọ̀run hàn sí ká. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ Ìlú Festac fún àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ilé gbígbé ni a kọ́. Lónìí, púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ti di ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ náà ni ní ibòmíràn ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. A fi símẹ́ǹtì bo àgbàlá, a ti fèrèsé pa nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, òṣìṣẹ́ sì kọjú sí ògiri.

Rachel Kaplan àti Stephen Kaplan, olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀ràn yìí nínú ìwé wọn ti ọdún 1989. Oríṣi àfiyèsí méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí a ń fi ipá mú, bí ìgbà tí a bá ń ṣírò owó. Èyí a máa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá ti í rẹ alágbẹ̀dẹ. Èkejì ń wá fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ojú bá ń tẹ̀lé ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì. Nígbà tí èkejì bá ń ṣiṣẹ́, èkíní a rí ààyè sinmi.

Ẹ̀rí kò sì ṣàì sí. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich tẹ ìròyìn jáde nípa aláìsàn 46 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn 23 tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn 23 tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó wọn. Ní ọdún 2015, ní Melbourne nílẹ̀ Ọsirélíà, a fún akẹ́kọ̀ọ́ 150 ní iṣẹ́ tí ń súni. Láàárín iṣẹ́ náà, àwọn tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 40 péré wo àwòrán òrùlé tí ewéko bò ṣe àṣìṣe kéré ju àwọn tí ó wo òrùlé kọnkéré.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ àsọdùn. Àwọn kan ń wí pé ìkòkò òdòdó a máa fọ afẹ́fẹ́ inú yàrá mọ́. Àwọn onímọ̀ tí ó gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò ní ọdún 2019 rí i pé ìkòkò mélòó kan kò lè ṣe tó ohun tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ewéko kò lè rọ́pò owó oṣù tí ó yẹ tàbí àkókò ìsinmi.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Kí a yí tábìlì sí ìhà fèrèsé. Kí a gbin pẹ̀rẹ́gùn sínú ìkòkò: igi tí a fi ń pààlà ilẹ̀ nílé wa yìí ni àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó rà sí ọ́fíìsì wọn, nítorí tí ó lè gbé níbi tí oòrùn kò pọ̀. Kí a bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, kí a má sì jẹ́ kí omi dúró nínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó gbin igi. Láti ọdún 2008 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti mú ọjọ́ 14 oṣù keje fún gbíngbin igi.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ rántí pé a máa ń fún ẹ̀rọ ní ìsinmi kí ó má baà jóná. Ọkàn ènìyàn ha kéré sí ẹ̀rọ bí?