Bàálù Kékeré àti Irọ́ Tí Etí Ń Pa fún Awakọ̀

Bí a bá gbọ́ pé bàálù kékeré kan já lulẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ẹ́ńjìnnì ló kú lókè. Bàálù tí mò ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ sí èyí tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Àbújá. Onífáànù kan ni, kì í sábà gbà ju ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ. Irú rẹ̀ ni Cessna 172, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn wà, torí pé ó wù wọ́n láti fò. Ní Amẹ́ríkà, ó kéré tán, wákàtí 40 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 45 ni. Ọmọ wa tó wà ní Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é bí ẹlòmíràn, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí a wà nílé pẹ̀lú.

Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì máa ń kú. Ṣùgbọ́n apá bàálù ló ń gbé e dúró lókè, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni láti tì í síwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, awakọ̀ á dẹ imú bàálù sísàlẹ̀ díẹ̀, eré tó sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ á máa mú kí afẹ́fẹ́ ṣàn mọ́ apá. Cessna 172 tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,000 lè fi ọ̀nà yìí rin bíi kìlómítà 13 kí ó tó kanlẹ̀. Awakọ̀ ní àyè láti wá pápá tó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ló ti balẹ̀ sínú oko báyìí, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.

Ohun tó máa ń gba agbára lọ́wọ́ apá gan-an ni bí awakọ̀ bá gbé imú bàálù sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí apá bá ti kọjú sí afẹ́fẹ́ ní igun tó ju nǹkan bíi digirí 15 lọ, afẹ́fẹ́ á bọ́ lára rẹ̀, bàálù á sì rì, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ké tagbára tagbára. Ìgbà tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀ ni èyí burú jù. Awakọ̀ ń yí kí ó lè dojú kọ ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí, ó rí i pé òun ti kọjá rẹ̀ díẹ̀, ó wá fẹ́ fi ipá yí i padà. Bàálù tó bá fi apá kan tẹ̀ sísàlẹ̀ dé digirí 60 bó ṣe ń yí, tí awakọ̀ kò sì jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀, ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ ni apá ń gbé lásìkò yẹn. Eré tó kéré jù tí apá fi lè gbé e á fi bíi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nítorí náà eré tó tó o tẹ́lẹ̀ kò ní tó o mọ́. Lókè réré, ẹni tó ti kọ́ ọ á ti imú bàálù sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún mú apá. Ní ẹsẹ̀ bàtà 500 sí ilẹ̀, ó lè má sí àyè fún ìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé bí ọ̀nà bá ti yẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, má jà fún un. Gbéra padà, yípo, kí o sì tún un ṣe.

Síbẹ̀, èyí tó ká mi lára jù ni ti awakọ̀ tí bàálù rẹ̀ kò ní àléébù kankan, tí epo wà, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wà á wọ inú omi láìmọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1999, John F. Kennedy Kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn pa ní 1963, gbéra ní Fairfield, ní New Jersey, nínú bàálù Piper Saratoga rẹ̀. Carolyn ìyàwó rẹ̀ àti Lauren ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ já Lauren sílẹ̀ ní erékùṣù Martha's Vineyard, kí tọkọtaya náà tó kọjá lọ síbi ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí ní Hyannis. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀. Kennedy ti fò fún bíi wákàtí 310. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi aago inú bàálù nìkan fò láìwo ìta, ṣùgbọ́n kò tíì parí rẹ̀. Olùkọ́ kan sọ fún un lọ́jọ́ náà pé òun lè bá a lọ; ó dáhùn pé òun fẹ́ dá ṣe é.

Kùrukùru wà lójú ọ̀run. Ní ẹ̀bá Rhode Island, Kennedy fi etíkun sílẹ̀, ó kọjú sí bíi máìlì 30 omi nínú òkùnkùn. Awakọ̀ mìíràn tó fò lágbègbè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn sọ fún àwọn olùwádìí pé nígbà tí òun wo ìsàlẹ̀ níbi tó yẹ kí Martha's Vineyard wà, òun kò rí iná kankan, òun sì rò pé bóyá iná ti lọ ní gbogbo erékùṣù náà. Iná kò lọ. Kùrukùru ló bo erékùṣù mọ́ ọn lójú.

Rédà fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kennedy hàn. Bàálù náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó tún gùnkè díẹ̀, ó yí sósì, lẹ́yìn náà ó tún yí sọ́tùn-ún, yíyí náà sì ń há sí i títí tí bàálù fi ń já bọ̀ ní eré tó ju ẹsẹ̀ bàtà 4,700 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 41, ó ti wọ inú òkun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú. NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kò rí àléébù kan nínú bàálù tó lè fa ìjàǹbá náà. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé awakọ̀ kò mọ ibi tí bàálù rẹ̀ kọjú sí mọ́, àti pé òkùnkùn pẹ̀lú kùrukùru ló dá kún un.

Báwo ni èèyàn á ṣe jókòó sínú bàálù tó ti fẹ́ dojú dé, tí kò ní mọ̀? Inú etí ni ìdáhùn wà. Nínú etí kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tín-ín-rín mẹ́ta ló wà tó tẹ̀ kọrọdọ, omi ló kún inú wọn. Bí orí bá yí, omi náà á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀ á tẹ̀, ọpọlọ á sì mọ̀ pé a ń yí. Ṣùgbọ́n bí yíyí náà bá ń lọ déédéé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, omi á bá a dọ́gba, irun á nà padà, ọpọlọ á sì gbà pé a ti dúró. Bí a bá wá dúró lóòótọ́, omi náà á ṣì máa lọ, ọpọlọ á ní apá kejì la ń yí sí báyìí. Òun náà ló ń ṣe ọmọdé tó pòòyì ní àgbàlá, tó dúró, tí ilé sì ń yí mọ́ ọn lójú. Yíyí tí kò yá tó digirí méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ńkọ́? Etí lè má mọ̀ ọ́n rárá.

Nílẹ̀, ojú ló ń tún irọ́ etí ṣe. Nínú ìkùukùu, tàbí lórí òkun lóru níbi tí ọ̀run àti omi ti di ọ̀kan, ojú kò rí nǹkan tí yóò fi ṣe ẹlẹ́rìí. Bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sọ́tùn-ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ni imú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, tí eré ń pọ̀. Awakọ̀ rí i lójú aago pé òun ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń sọ fún un pé apá méjèèjì dọ́gba, ó wá fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra kí imú lè gbé sókè. Nínú bàálù tó ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí, fífà yẹn kò ní gbé e sókè. Ṣe ni yíyí náà á túbọ̀ há. Bó bá tiẹ̀ gbìyànjú tó mú apá dọ́gba, etí á pariwo pé òsì lo ń yí sí o, ọwọ́ á sì dá a padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ní 1954, Yunifásítì Illinois dán èyí wò. Wọ́n kó ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi aago nìkan fò, wọ́n ṣe é kí wọ́n má lè rí ìta, olùkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú ogún tí bàálù kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́kàndínlógún wọ inú irú yíyí tó ń há yẹn, ẹnìkan gbé imú sókè títí apá fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń wo aago fò. Wákàtí mẹ́ta yẹn wà fún kí ó lè yí padà jáde nínú ìkùukùu. Ẹni tó bá gbójú lé e láti là á kọjá ń tan ara rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ nìkan ò sì tó. Awakọ̀ hẹlikọ́pítà tó gbé Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ará Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2020 ti fò ju wákàtí 8,000 lọ, ó sì ní ìwé àṣẹ láti fi aago fò. Ó ń sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ pé òun ń gòkè kúrò nínú ìkùukùu, nígbà tó jẹ́ pé hẹlikọ́pítà náà ti ń yí sósì tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sórí òkè Calabasas.

Kí ló wá ń gbé wọn wọ ibẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé ìkùukùu kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ náà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀ níbi ìnáwó, èrò wà lẹ́yìn, ibi tó ń lọ kò jìnnà mọ́, ìtìjú sì wà nínú kí ènìyàn sọ pé òun ń padà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà máa ń pinnu nílẹ̀, kí wọ́n tó gbéra, ibi tí wọn yóò ti yí padà bí ojú ọ̀run bá bàjẹ́, torí pé wọ́n mọ̀ pé lókè, ọkàn tó ń kánjú ni yóò dá ẹjọ́ náà. Bí ìkùukùu bá sì ká ènìyàn mọ́, kí ó tẹjú mọ́ aago tó ń fi bí apá ṣe dúró hàn, kí ó má gbọ́ ti ara rẹ̀. Bàálù Kennedy tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè fúnra rẹ̀ mú apá dọ́gba.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan tún wà tó ń pani. Epo máa ń tán lókè, nítorí pé awakọ̀ gba ojú aago epo gbọ́ láìfi igi wọn ín nínú táńkì. Yìnyín máa ń dí kabúrétọ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, kódà lọ́jọ́ tí ooru lé ní digirí 20, torí pé epo tó ń di afẹ́fẹ́ máa ń mú inú rẹ̀ tutù. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tètè fa ọwọ́ tó ń rán afẹ́fẹ́ gbígbóná síbẹ̀.

Èéfín ńkọ́? Afẹ́fẹ́ olóró tí èéfín jẹnẹrétọ̀ fi ń pa odindi ìdílé lójú oorun nílẹ̀ wa wà nínú èéfín bàálù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2019, agbábọ́ọ̀lù Emiliano Sala kúrò ní Nantes, ó ń lọ sí Cardiff nínú bàálù Piper Malibu. Bàálù náà já sínú òkun nítòsí Guernsey. Àyẹ̀wò fi hàn pé ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ Sala ni afẹ́fẹ́ olóró yìí ti gbà. Àwọn olùwádìí Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí òun náà ti kọlu awakọ̀, ẹni tí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò gbà á láyè láti fò lóru. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo bó bá gbọ́ òórùn tí imú kò lè gbọ́ yìí kò wọ́n.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí asán, àwọn bàálù kan ní párásúùtì fún odindi bàálù. Alan Klapmeier, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Cirrus, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù kékeré, sílẹ̀, yè bọ́ nígbà tí bàálù méjì forí gbárí lókè ní 1985. Awakọ̀ kejì kú, ìyẹn ló sì mú kí Klapmeier fẹ́ ohun tí yóò gba odindi bàálù là. Bàálù SR20 tí Cirrus gba àṣẹ fún ní 1998 ní párásúùtì yìí nínú, ní 2002 ló sì kọ́kọ́ gba ẹ̀mí awakọ̀ Cirrus kan là, ní Texas. Ṣùgbọ́n ó nílò àyè kí ó tó ṣí tán: nínú àwọn bàálù SR22 wọn àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 400 bí bàálù bá ń lọ gbọọrọ, ju 900 lọ bó bá ti ń pòyì. Àwọn kan ti kú nínú bàálù tó ní i, nítorí pé wọ́n ń gbìyànjú láti gba bàálù là títí ilẹ̀ fi dé. Nísinsìnyí, wọ́n ń kọ́ awakọ̀ Cirrus láti máa ronú kan ọwọ́ ìfà párásúùtì náà ṣáájú gbogbo ìrìn. Kí ẹ́ńjìnnì tó dún, yóò fi han àwọn èrò ibi tó wà lókè orí wọn, yóò sì sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe fi ọwọ́ méjèèjì fà á wálẹ̀, bí òun kò bá lè fà á.