Ṣé o mọ̀? Ajá tó ń wá ènìyàn lábẹ́ yìnyín

Nígbà tí yìnyín bá ya lulẹ̀ lórí àwọn òkè Alps, ajá tí wọ́n mú wá kì í tọ ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òórùn ara ẹni tí yìnyín bò máa ń rin àárín yìnyín jáde sókè, òun ni ajá ń fimú gbé. Bó bá ti gbọ́ ọ, á máa fẹsẹ̀ walẹ̀, á sì máa gbó.

Eré bojúbojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó ni ín á kó sínú ihò yìnyín lójú rẹ̀. Bí ajá bá sáré débẹ̀, wọ́n á jọ fa àkísà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èrè rẹ̀ nìyẹn. Tó bá yá, àlejò ni yóò sápamọ́, wọn á sì fi yìnyín dí ẹnu ihò pa. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni: bí nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 bá ti kọjá, ìrètí pé ẹni náà ṣì wà láàyè máa ń já wálẹ̀ gan-an.

Barry lòkìkí rẹ̀ kàn jù, ajá ilé àwọn àlùfáà Kátólíìkì ní Great St Bernard, ní ààlà Switzerland àti Ítálì. Wọ́n bí i ní 1800, ó kú ní 1814. Wọ́n ní ó gba ènìyàn tó lé ní 40 là. Awọ rẹ̀ ṣì wà ní mùsíọ́mù ìlú Bern. Ní ti àgbá ọtí kékeré tí wọ́n máa ń yà sọ́rùn irú ajá yìí, àwòrán tí Edwin Landseer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní 1820 ló sọ ọ́ di olókìkí.