Áńtíbọ́dì àti Aràn Ìfun Eku: Àmì Ni Tàbí Ohun Ìjà?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eku méjì tí ó kó aràn rí. Áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ń pèsè láti dá àjèjì mọ̀ àti láti gbógun tì í, lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀kan ti lé aràn jáde, èkejì ṣì ń gbé e kiri. Kí wá ni áńtíbọ́dì ń sọ fún ni?

Iye Ẹyin àti Irú Áńtíbọ́dì

Inú ìfun ńlá eku ni Trichuris muris ń gbé. Bí eku bá gbé nǹkan bí 200 ẹyin rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà eku ni yóò lé aràn náà jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tó dàgbà. IgG1 ni yóò gbilẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ẹyin náà kò bá ju nǹkan bí 20 lọ, aràn yóò fìdí múlẹ̀. IgG2a, tàbí IgG2c nínú àwọn ẹ̀yà kan, yóò sì pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ara eku kejì kò jà. Ohun ìjà tí kò bá ọ̀tá mu ni ó gbé.

Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì T ń rán ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Interleukin-4 ni ó ń darí sẹ́ẹ̀lì B sí IgG1. Interferon-gamma ni ó ń darí wọn sí IgG2a. Interleukin-13, tí ó bá interleukin-4 rìn, ni ó ń mú kí awọ inú ìfun tètè pààrọ̀ ara rẹ̀, títí aràn yóò fi ṣí kúrò níbi tí ó rọ̀ mọ́.

Àmì Ni Tàbí Idà?

Ní 1996, Kathryn Else àti Richard Grencis fi hàn pé eku tí kò lè pèsè áńtíbọ́dì rárá lè lé T. muris jáde bí wọ́n bá fún un ní sẹ́ẹ̀lì T. Nítorí náà, àmì ni IgG1 jẹ́ níhìn-ín. Kì í ṣe òun gan-an ni idà. Ti Heligmosomoides polygyrus, aràn ìfun kékeré, yàtọ̀. Ìwádìí Kathy McCoy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2008 fi hàn pé áńtíbọ́dì IgG kópa gidi nínú dídáàbò bo eku lọ́wọ́ aràn yìí.

Ìgúnlẹ̀

Ìbátan T. muris ni Trichuris trichiura tí ń yọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́nu ní Nàìjíríà. Eku kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan dájú: olùkọ́ tí ó bá ní áńtíbọ́dì púpọ̀ ni ìlera púpọ̀ ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Irú áńtíbọ́dì, irú aràn àti iye ẹyin tí ó wọlé ni ó yẹ kí wọ́n gbé yẹ̀ wò pọ̀.