Lẹ́tà tó ń ṣe bàìbàì lójú kọ̀ǹpútà: Ohun tó yẹ kí èèyàn wò kó tó náwó sí mọ́nítọ̀ tuntun

Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ajé, yálà ìwé ló ń tẹ̀ ni o, tàbí ìṣirò owó ló ń ṣe, ojú ló fi ń jẹun. Bí lẹ́tà bá wá ń ṣe bàìbàì, tó ń rí bíi pé èéfín bò ó, tàbí tó ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti àpò nìyẹn. 6 lè di 8 lójú ẹni tó ń ṣírò owó, "oko" sì lè jáde níbi tó yẹ kó jẹ́ "ọkọ". Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó àti rìsíìtì, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Oníbàárà lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí oníṣẹ́ sì fi owó ara rẹ̀ ra bébà àti yíǹkì mìíràn.

Ọ̀pọ̀ tí irú èyí bá ń ṣe ló máa ń gbà pé mọ́nítọ̀ ti gbó. Wọ́n á kó owó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n á ra òmíràn gbé délé, lẹ́tà á sì tún máa ṣe bàìbàì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ètò inú kọ̀ǹpútà tàbí wáyà ni àìsàn náà sábà máa ń wà, ìtọ́jú wọn kò sì gba owó púpọ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀.

Bí lẹ́tà ṣe ń hàn

Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé ń lò báyìí kò dà bíi ti àtijọ́ tó rí bí àpótí. Ojú rẹ̀ kún fún àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí wọ́n tò ní ìlà ní ìlà, tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́ẹ̀lì. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ka iye wọn sí i. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró, èyí tó ju mílíọ̀nù méjì ẹyọ lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè fi kún un, kò sì lè yọ nínú rẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà bá fi iye tó bá mọ́nítọ̀ mu ránṣẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á mọ iṣẹ́ tirẹ̀, etí lẹ́tà á sì mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi 1024 ní 768 ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀ tó ní 1920 ní 1080, mọ́nítọ̀ á fi tipátipá nà án kó lè kún ojú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹyọ kan ṣe á wá pín sára ẹyọ méjì, dúdú á dà pọ̀ mọ́ funfun, yóò di eérú. Eérú yìí ni ojú ń rí tó ń pè ní bàìbàì.

Àyẹ̀wò tí kò gba owó

Kí èèyàn tó fọwọ́ kan ètò kankan, kó kọ́kọ́ pa mọ́nítọ̀, kó fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nù ún. Kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, nítorí àwọn kan kì í fẹ́ ṣí i kí ọjà wọn má baà họ. Ọ̀rá yẹn nìkan tó láti sọ lẹ́tà di aláìmọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tí àìsàn náà gbé wà. Kí olúwarẹ̀ ṣí ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kó tẹ Alt àti bọ́tìnnì tí wọ́n kọ PrtSc sí lórí kííbọọ̀dù pọ̀, kó ṣí Paint, kó tẹ Ctrl àti V pọ̀. Àwòrán ìwé náà á jáde síbẹ̀. Kó tọ́jú àwòrán náà, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù tí ojú rẹ̀ mọ́ dáadáa, kó sì fẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Bí lẹ́tà bá mú lórí fóònù, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe dára, ìdíwọ́ wà níbi iye píkísẹ́ẹ̀lì, wáyà tàbí mọ́nítọ̀. Bó bá ṣe bàìbàì lórí fóònù náà, inú Windows ni kó ti wá a.

Iye píkísẹ́ẹ̀lì ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò

Lórí Windows 10 àti Windows 11, kí èèyàn tẹ apá ọ̀tún máòsì níbi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, kó mú "Display settings", kó wá ibi tí wọ́n kọ "Display resolution" sí. Nínú àwọn iye tó bá tò síbẹ̀, kan wà tí wọ́n kọ "Recommended" sí lára. Òun ló sábà máa ń bá mọ́nítọ̀ náà mu, òun ni kó mú. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ mú iye tó kéré kí lẹ́tà lè tóbi. Lóòótọ́, á tóbi, ṣùgbọ́n kò ní mú mọ́. Ohun tó ń sọ lẹ́tà di ńlá láìbà á jẹ́ wà lójú ewé yẹn kan náà, "Scale" ni orúkọ rẹ̀. Kí olúwarẹ̀ mú 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, iye tó tọ́ kì í sí nínú àwọn tó tò síbẹ̀ rárá. Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ti nu Windows kúrò, tó fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n tí kò fi ètò tó ń darí àwòrán, ìyẹn driver, sí i. Kí èèyàn ṣí "Device Manager", kó wo abẹ́ "Display adapters". Bó bá jẹ́ "Microsoft Basic Display Adapter" ló rí níbẹ̀, driver gidi kò sí nìyẹn. Ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti yẹ kó gbà á, kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti rí i.

Wáyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀

Wáyà VGA, tí orí rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, tó sì ní ihò fún irin tín-ín-rín 15 ní ìlà mẹ́ta, ti wà láti ọdún 1987. Nígbà mọ́nítọ̀ onípòótì ni wọ́n ṣe é. Ọ̀nà tó ń gbà gbé àwòrán kì í ṣe ti oní-nọ́ńbà, nítorí náà mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ máa fojú díwọ̀n ibi tí píkísẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì í díwọ̀n, lẹ́tà á máa gbọ̀n tàbí kó ní òjìji. Bí wáyà bá gùn jù, tàbí tó jẹ́ gbàrọgùdù, òjìji náà á tún pọ̀ sí i.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí èèyàn yọ wáyà náà, kó tún un kì bọ̀ ọ́, kó fún ìdè rẹ̀ méjèèjì le. Kó ṣí ojú ewé funfun tó kún fún lẹ́tà, kó wá tẹ bọ́tìnnì "Auto" lára mọ́nítọ̀, kí mọ́nítọ̀ lè tún ìwọ̀n náà ṣe fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ bá ní ojú ihò HDMI, DVI tàbí DisplayPort, ohun tó dára jù ni kó fi VGA sílẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí kì í fojú díwọ̀n, bí kọ̀ǹpútà bá ṣe kọ lẹ́tà ni wọ́n ṣe ń gbé e dé. Wáyà tuntun kan kò lè wọ́n tó mọ́nítọ̀ tuntun.

Àwọn tó sọ tẹlifíṣọ̀n di mọ́nítọ̀ ní ohun méjì láti wò. Wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n fún fíìmù, kì í ṣe fún lẹ́tà wínníwínní. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fẹ àwòrán kọjá etí, wọ́n sì máa ń fa ìlà funfun yí lẹ́tà ká pé kó lè dà bíi pé ó mú. Kí èèyàn wá ètò PC nínú tẹlifíṣọ̀n náà bó bá ní i, kó dín "Sharpness" kù, kó sì rí i pé etí àwòrán kò gé.

ClearType àti àwọn ètò àtijọ́

Bí ó bá jẹ́ pé inú Windows ni ìdíwọ́ náà wà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní wíwò ni ClearType. Oṣù Kọkànlá ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Microsoft kéde rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀ ni pé píkísẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní apá mẹ́ta nínú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ClearType máa ń darí apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí etí lẹ́tà lè jọ̀lọ̀. Ó wà nínú Windows XP tó jáde ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n pípa ni wọ́n pa á sílẹ̀. Àfi ìgbà tí Vista dé ni wọ́n tó máa tàn án fún gbogbo èèyàn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ṣe máa ń rí gánnagànna lórí kọ̀ǹpútà XP tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ètò rẹ̀ ṣe.

Lórí Windows tòde òní, kí èèyàn kọ ClearType síbi ìwákiri, kó mú "Adjust ClearType text", kó fi àmì sí "Turn on ClearType". Kọ̀ǹpútà á wá gbé àpẹẹrẹ lẹ́tà oríṣiríṣi síwájú rẹ̀ léraléra. Èyí tí ojú rẹ̀ bá gbà jù ni kó máa mú títí dé òpin. Ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà gan-an ló yẹ kó mú un, nítorí ojú kò dọ́gba.

Bó bá jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ló ń ṣe bàìbàì, pàápàá ètò ìṣirò owó tó ti pẹ́, tí ìyókù sì mọ́ kedere, "Scale" ló ń bá a jà. Ètò àtijọ́ kò mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà ńlá fún mọ́nítọ̀ tuntun, nítorí náà Windows á jẹ́ kó kọ kékeré, á wá nà án, bí ìgbà tí onífótò bá fẹ fótò pásípọ́ọ̀tù di ti ara ògiri. Kí èèyàn tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí àmì ètò náà, kó mú "Properties", lẹ́yìn náà "Compatibility", lẹ́yìn náà "Change high DPI settings". Kó fi àmì sí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Override", kó mú "Application". Lẹ́tà ètò náà lè kéré sí i, ṣùgbọ́n á mú.

Ẹni tó ń tẹ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń tẹ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 11, àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kì í sábà ju píkísẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì lọ lórí mọ́nítọ̀ Full HD tàbí èyí tó kéré sí i. Bí lẹ́tà bá ṣe bàìbàì díẹ̀, àmì yìí ló kọ́kọ́ ń sọnù. "Ẹsẹ̀" àti "ẹ̀ṣẹ̀" á wá di ọ̀kan náà lójú ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde kò ní bo àṣìṣe yẹn fún un, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe bàìbàì bíi mọ́nítọ̀.

Nítorí náà, kí olúwarẹ̀ fẹ ojú ewé sí 150 tàbí 200 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá ń yẹ iṣẹ́ wò. Bó bá di Ctrl mú, tó ń yí kẹ̀kẹ́ orí máòsì, á máa tóbi, kò sì ní yí bí ìwé ṣe máa jáde padà. Kó má fa ìlà sábẹ́ àkọlé Yorùbá, nítorí ìlà náà máa ń gbé àmì abẹ́ lẹ́tà mì. Kó sọ ọ́ di dúdú kirikiri ló dára jù. Bí lẹ́tà olóhùn kan bá nípọn tàbí tín-ín-rín ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà, kì í ṣe mọ́nítọ̀ ló fà á. Irú lẹ́tà tó mú kò ní àmì náà, kọ̀ǹpútà wá yá a lọ́wọ́ òmíràn. Charis SIL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní gbogbo àmì Yorùbá.

Ìgbà tí ó bá di dandan láti rà

Bí gbogbo èyí bá ti parí tí kò sí àyípadà, ó lè jẹ́ pé iná inú mọ́nítọ̀ ti rẹ̀, pàápàá bí funfun rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kí oní-láptọ́ọ̀pù kọ́kọ́ rántí pé bí iná bá lọ tó bọ́ sórí bátìrì, kọ̀ǹpútà lè dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, àti pé "Night light" máa ń sọ funfun di pípọ́n.

Ẹni tó máa ra tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó tàn án. Kó jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú HDMI, kí wọ́n gbé e sí iye tí wọ́n kọ "Recommended" sí, kó ṣí ìwé tó kún fún lẹ́tà kéékèèké, kó sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwòrán fíìmù tí àwọn kan máa ń fi han oníbàárà kì í jẹ́ kí èèyàn mọ bí lẹ́tà yóò ṣe rí.

Ẹni tí kọ̀ǹpútà mìíràn àti ìwé ìròyìn pàápàá bá ń ṣe bàìbàì fún, kó fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀, kó lọ rí dókítà ojú. Ìgò ojú ló máa rà, mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò ní ẹjọ́.