Ètò Wáyà Hẹ́ẹ̀dìsẹ́ẹ̀tì àti Máíkù nínú Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

1.0 Ìfáárà

Ìbéèrè kan tí ẹnìkan tí ó ń tún rédíò ṣe ní Ọ̀tan-Ilé bi wá ni ó bí bébà yìí. Ó ní kí ló dé tí a kò fi lè so ẹ́ẹ̀tì máíkù mọ́ ara irin ọkọ̀ òfurufú, bí òun ti máa ń so ó mọ́ páànù rédíò? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Nínú irú àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ ní Zaria, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní 1964, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, síbẹ̀ ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn láìsí intakọ́ọ̀mù. (Gbohùngbohùn ni àwọn ènìyàn ń pe máíkù àti ẹ̀rọ tí ń ké ohùn síta pọ̀, máíkù ni a ó lò níhìn-ín kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú.)

2.0 Púlọ́ọ̀gì méjì

Púlọ́ọ̀gì tí ó tóbi, tí ó jẹ́ mìlímítà 6.35, ni ti etí. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ ni ti máíkù. Ojú-ìsopọ̀ mẹ́ta ni ti máíkù ní. Ṣóńṣó orí rẹ̀ jẹ́ ti bọ́tìnnì tí awakọ̀ ń tẹ̀ láti bá ilé-ìṣọ́ pápákọ̀ sọ̀rọ̀, òrùka àárín ń gbé ohùn, ara rẹ̀ tí ó kù sì jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Máíkù yìí ń jẹ iná. Orí wáyà ohùn kan náà ni fóòtì bíi 8 sí 16 ń gbà wá bá a, láti inú rẹsísítọ̀ kan. Ayé máíkù eléèédú ni àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ti òde òní kò ní èédú nínú mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè bá àṣà náà mu.

Bọ́tìnnì ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé ó ń so ṣóńṣó orí mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bí ara wáyà rẹ̀ bá bó tí ó sì kan irin, rédíò yóò máa fọhùn láìdákẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì kan. Nítorí náà awakọ̀ yìí yóò dí àwọn ẹlòmíràn lọ́nà, òun náà kò sì ní gbọ́ ìkìlọ̀ ilé-ìṣọ́.

3.0 Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì

Èsì ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa nìyí. Páànù rédíò kéré, iná tí ó ń gba ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ara irin ọkọ̀ òfurufú ni iná ọ́tánétọ̀, ti àtùpà àti ti pọ́ǹpù ń gbà padà. Bí ẹ́ẹ̀tì máíkù bá kan irin níwájú awakọ̀, tí ó sì tún kan án lẹ́yìn intakọ́ọ̀mù, ọ̀nà méjì ti ṣí sílẹ̀, iná àjèjì yóò sì wọlé tọ ohùn. Awakọ̀ yóò gbọ́ ọ bí ìró tín-ín-rín tí ń ga sókè bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré sí i. Ìdí nìyí tí a fi ń fi wáṣà ọ̀rá ya ojúhò púlọ́ọ̀gì kúrò lára irin, tí a sì ń fi lẹ́ẹ̀dì jó ìbora wáyà mọ́ ẹ́ẹ̀tì ní ìhà intakọ́ọ̀mù nìkan.

Ó ku ohun kan tí àwọn tí ń so wáyà sábà máa ń gbójú fò. Intakọ́ọ̀mù tí ó dára gbọ́dọ̀ so awakọ̀ mọ́ rédíò tààrà nígbà tí iná tirẹ̀ bá kú. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí a ti pa á, kí a sì pe ilé-ìṣọ́ wò.